Bí ẹ ṣe lè yan abẹ olójú méjì tí yóò bá irùngbọ̀n yín mu, láti ọjà Ìtòkú dé iwájú dígí

Ẹni tó bá dúró fún ìgbà díẹ̀ ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta abẹ ní ọjà Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ tó ń rà á kò ro ti irùngbọ̀n rárá. Aládìrẹ ń rà á láti fi já okùn tó fi di aṣọ, nígbà tí aṣọ bá ti jáde nínú aró. Télọ̀ ń fi tú ojú rírán tó wọ́. Ìyá ọmọ iléèwé ń rà á fún gbígbẹ́ pẹ́ńsù. Ọlọ́jà kò ní bi ọ̀kankan nínú wọn pé irú èwo ni wọ́n fẹ́, nítorí okùn àti pẹ́ńsù kì í wú, wọn kì í sì í yọ kókó lọ́jọ́ kejì. Ọrùn ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ọkùnrin tí ṣéfìn sítíìkì oníke ti sú, tàbí tí kò fẹ́ máa tò sídìí bábà ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ mọ́, tó wá fẹ́ máa fi omi, ọṣẹ àti abẹ olójú méjì fá irùngbọ̀n rẹ̀ nílé. Irin tí a ń ki abẹ bọ̀ kò ṣòro yàn. Abẹ gan-an ló ń da ènìyàn láàmú, torí pé orúkọ pọ̀ lára páálí, bí ẹ bá sì yọ wọ́n síta tán, gbogbo wọn jọra.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èrò mi. Abẹ tó mú jù lọ kọ́ ló sàn jù fún irun tó ká. Bí abẹ bá mú, tí ẹ sì fá a mọ́lẹ̀ títí ojú fi ń dán, irun yóò gé nísàlẹ̀ ojú awọ, orí rẹ̀ yóò sì rí ṣóṣóró. Nígbà tó bá ń hù bọ̀, dípò kó yọ jáde, yóò gún awọ láti inú, tàbí kó yọ jáde tán kó tún tẹ orí padà wọlé. Awọ yóò kà á sí ẹ̀gún, yóò wú. Bọ́ǹpùsì tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn. Pseudofolliculitis barbae ni àwọn dókítà ń pè é, àwa tí irun wa ká ló sì ń bá jà jù. Nítorí náà, ẹ má fi bí ojú ṣe dán láàárọ̀ tí ẹ fá a dá abẹ lẹ́jọ́. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, kí ẹ fọwọ́ pa ọrùn. Ohun tí ọwọ́ bá bá níbẹ̀ ni kí ẹ fi ṣèdájọ́.

Ohun tí ẹ ń rà gan-an

King C. Gillette, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló gbé abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń lò tí a sì ń sọ nù yìí dé ọjà ní ọdún 1903. Lọ́dún yẹn, irin ìfárùngbọ̀n 51 àti abẹ 168 péré ló rí tà. Ọdún tó tẹ̀ lé e, irin tó tà lé ní 90,000. Ihò gígùn tó wà láàárín abẹ òde òní ti wà láti nǹkan bí ọdún 1930, ìwọ̀n abẹ náà kò sì yí padà: ó gùn tó mìlímítà 43, ó fẹ̀ tó 22, kò sì nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé abẹ yòówù tí ẹ bá rà yóò wọ irin yòówù tí ẹ bá ní. Irin tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ nínú àpótí, bí kò bá tíì dógùn-ún, abẹ tí ẹ rà lánàá yóò wọ̀ ọ́.

Ibi tí abẹ kan ti yàtọ̀ sí èkejì ni irin tí wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe lọ ojú rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi bo ojú náà.

Irin kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe abẹ láyé àtijọ́. Ó máa ń mú dáadáa, àmọ́ omi ni ọ̀tá rẹ̀. Òru ọjọ́ kan péré ti tó fún un láti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Wilkinson Sword, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé abẹ stainless jáde tí ayé sì gbà á. Kurómíọ̀mù tí wọ́n dà mọ́ irin náà ni kì í jẹ́ kó tètè dógùn-ún. Treet, tó ń wá láti Pakistan, ṣì ń ṣe ti kábọ́ọ̀nù títí dòní, ó sì ní àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìlú tí balùwẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ títí òjò fi máa dáwọ́ dúró, mi ò lè gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó rà á. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà "stainless" lára páálí.

Bí ẹ bá rí "platinum" níbẹ̀, kì í ṣe pé pílátínọ̀mù ni abẹ náà o. Ìbòrí kan tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n fi sí ojú abẹ kó má tètè kú. Lórí ìyẹn ni wọ́n tún sábà ń fi PTFE sí, èyí tí wọ́n fi ń bo páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́, kí abẹ lè máa yọ̀ lórí awọ. Ìdí nìyẹn tí abẹ míì fi máa ń fà díẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tó sì máa ń tù lára ní ìgbà kejì: ìbòrí náà ló kọ́kọ́ nípọn. Ẹ má sọ abẹ nù nítorí ìgbà àkọ́kọ́ nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara yín

Ẹ fi irùngbọ̀n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ máa fi ìka wọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, àgbọ̀n, abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn, lọ sókè, lọ sísàlẹ̀, lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ìka bá ń yọ̀ lọ láìkọ́, ìhà ibẹ̀ ni irun dorí kọ. Ibi tó bá ń ta ìka, ẹ ń lòdì sí irun nìyẹn. Irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ sábà máa ń dorí kọ ìsàlẹ̀. Ti ọrùn ló ní àrà nínú: ti ẹlòmíràn ń lọ sókè sí àgbọ̀n, ti ẹlòmíràn ń sùn sí ẹ̀gbẹ́, ó sì lè jẹ́ pé apá ọ̀tún kò bá ti òsì mu. Ẹ ya ojú kan sínú ìwé, kí ẹ fi ọfà tọ́ka ibi tí irun ń lọ. Ó lè jọ eré ọmọdé lójú yín, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹ̀bi tí wọ́n ń dì ru abẹ, fífá tí wọ́n ń fá a lódì ló ni ín.

Ẹ tún wo irun náà fúnra rẹ̀. Irun tó nípọn tó sì le yóò kọ abẹ tó rọ̀. Irun fẹ́lẹ́ lórí awọ tó tètè ń pọ́n kò nílò abẹ mímú rárá. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ń ké pé abẹ báyìí kò lẹ́gbẹ́, ẹ gbọ́, kí ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọrùn rẹ̀ ló ń ròyìn, kì í ṣe tiyín.

Ní ti irin tí ẹ máa ki abẹ bọ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ojú abẹ yọ síta dáadáa. Àwọn kan ń fi í pamọ́. Ẹ mú èyí tó fi í pamọ́, tí etí rẹ̀ dán gbọọrọ tí kò ní eyín. Irin kan náà ni kí ẹ máa lò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń dán abẹ wò, torí pé bí ẹ bá pààrọ̀ irin àti abẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe ọrùn yín báyẹn.

Orúkọ tí ẹ máa bá pàdé

Feather láti ilẹ̀ Japan ni àwọn tó ń fá irùngbọ̀n báyìí káàkiri ayé sábà máa ń sọ pé ó mú jù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́, tí irun rẹ̀ sì nà, lè máa yìn ín. Fún ọrùn tó ń yọ kókó, òun ni mo máa fi ṣe ìgbẹ̀yìn, bí mo bá tilẹ̀ máa fi í kún un.

Derby, láti Tọ́kì, wà ní òdìkejì. Ó rọ̀, kì í tètè géni lára, ṣùgbọ́n bó bá pàdé irun àgbọ̀n tó le, yóò máa fà. Àwọn kan rò pé abẹ tó rọ̀ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ó lè ṣe é. Bí abẹ bá ń fà, ọwọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ láìmọ̀, yóò sì máa padà sójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Awọ tó wú sókè nítorí títẹ̀ ni abẹ yóò fá mọ́ irun, kókó tí ẹ ń sá fún yóò sì tún dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wá àárín, kí ẹ má ṣe wá èyí tó rọ̀ jù.

Ní àárín yẹn, Astra Superior Platinum, èyí tí páálí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ni èmi máa kọ́kọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ bó bá rí i rà. Lord àti Shark láti Íjíbítì tún wà, bẹ́ẹ̀ náà ni Dorco láti Kòríà Gúúsù. Gillette nìkan ní oríṣiríṣi lábẹ́ orúkọ rẹ̀, bíi 7 O'Clock àti Silver Blue, wọn kò sì mú bákan náà. Kí ẹnì kan sọ pé "Gillette ni mò ń lò" kò tíì sọ nǹkan kan. Nacet àti Tiger ni ọ̀pọ̀ àgbà mọ̀ bí ẹní mọ owó. Ẹ má fojú kéré wọn nítorí pé ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ti ń tà wọ́n. Ẹ fi wọ́n sínú ìdánwò yín pẹ̀lú àwọn tó kù, pàápàá torí pé ẹ ó lè rí wọn rà nígbà gbogbo. Abẹ tó bá yín mu tí ẹ kò sì rí rà mọ́ lẹ́yìn oṣù méjì, kí ló ṣe fún yín?

Ẹ yí páálí padà kí ẹ wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè kó ẹ̀rọ láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn láìyí orúkọ padà, abẹ sì lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ mú oríṣi mẹ́ta: ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan tó rọ̀ jù ú lọ díẹ̀, ọ̀kan tó mú jù ú lọ díẹ̀. Ìyẹn ti tó.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà

Ní Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá, ẹ wá àwọn tó ń ta ọṣẹ àti ìpara ní páálí-páálí. Ọjà wọn máa ń yára lọ, abẹ kì í pẹ́ nínú oòrùn lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má tijú láti sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ojú ni mo fẹ́ fi fá o, kì í ṣe okùn ni mo fẹ́ fi já." Ìyá tó ti pẹ́ lórí ọjà mọ èyí tí àwọn bábà máa ń wá rà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí sì jẹ́ ìmọ̀ tí kò sí lára páálí. Bí ẹ kò bá rí Astra tàbí Feather lọ́jà, ẹ wo àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì apá Ìbarà àti Pánsẹ́kẹ́, tàbí kí ẹ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Páálí kékeré sábà máa ń gba abẹ 5 tàbí 10. Ìyẹn ni kí ẹ rà, kan ṣoṣo ti oríṣi kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́jà yóò sọ pé bí ẹ bá gba páálí ńlá tí 100 wà nínú rẹ̀, òun yóò dín owó kù. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ gba kékeré. Ìgbà tí ẹ bá ti mọ èyí tó bá yín mu ni ẹ̀dínwó náà wúlò.

Ayédèrú wà lọ́jà, àwọn nǹkan tí mo máa ń wò nìyí. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì páálí gbọ́dọ̀ wà ní odindi. Lẹ́tà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete, kí àṣìkọ má sí nínú orúkọ náà. Nínú páálí, abẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní bébà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tún máa ń kán ìda díẹ̀ sí ara abẹ kí ojú rẹ̀ má baà máa gbo bébà. Bí ẹ bá ṣí i nílé tí ẹ rí ipa ògún tó tó orí abẹ́rẹ́, tàbí tí ojú kan fẹ̀ ju ojú kejì lọ, ẹ má gbé e sún mọ́ ara. Ẹ mú abẹ ní orí kúkúrú rẹ̀ méjèèjì nígbà gbogbo. Ẹ má sì fi àtàǹpàkò dán an wò bóyá ó mú: ìka yóò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi dá yín lóhùn.

Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta abẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò burú, bí abẹ náà bá ṣì wà nínú bébà rẹ̀. Ti ìhòòhò tó wà nínú agolo lórí tábìlì, ti aládìrẹ nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò

Abẹ nìkan ni kí ó yí padà. Irin kan náà, ọṣẹ kan náà, omi kan náà, àkókò kan náà. Abẹ ẹyọ kan láti inú oríṣi kọ̀ọ̀kan yóò fá irùngbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó bọ́ sórí oríṣi mìíràn, kí ó sì tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta láàárín fífá kan sí èkejì. Ó máa gbà tó oṣù kan láti parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá ń kánjú yóò padà sí ṣéfìn sítíìkì.

1. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rin irùngbọ̀n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, tàbí kí ẹ fá a lẹ́yìn tí ẹ bá wẹ̀ tán. Irun tó mumi máa ń rọ̀ púpọ̀. Èyí ṣe pàtàkì ju orúkọ abẹ lọ, ní ìgbà ọyẹ́ pàápàá.

2. Ẹ fi ọṣẹ tàbí ìpara ìfárùngbọ̀n ṣe ìfófòó tó nípọn, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí ìka pa á wọ ìdí irun. Omi kànga míì wà tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé omi òjò kalẹ̀ fún ìwọ̀nba tí ẹ máa lò. Ọṣẹ dúdú? Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìwẹ̀. Fún irùngbọ̀n, ìfófòó rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń rọ, ó sì máa ń gbẹ awọ ẹlòmíràn.

3. Ẹ ki abẹ bọ irin, kí ẹ dì í le. Ẹ wò ó láti òkè: bí abẹ ṣe yọ ní apá kan ni kó ṣe yọ ní apá kejì.

4. Ẹ gbé orí irin lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ nà jáde gbọọrọ, kí ẹ wá máa rẹ ọwọ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí abẹ yóò fi kan irun. Ó máa súnmọ́ ìwọ̀n ìgun 30. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

5. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo irin náà ti tó. Ẹ fá a ní kúkúrú kúkúrú, ibi tí irun dorí kọ gẹ́gẹ́ bí àwòrán yín ṣe fi hàn, kí ẹ máa ṣan abẹ nínú omi. Ẹ má fa awọ ọrùn le: awọ tí a fà ni yóò padà bo irun mọ́lẹ̀ tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀.

6. Bó bá ku díẹ̀, ẹ tún pa ìfófòó sí i, kí ẹ fá a lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìhà kan náà. Ẹ má fá ọrùn lódì rárá. Irun díẹ̀ tí ọwọ́ bá ṣì ń gbọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

7. Omi tútù, kí ẹ fi aṣọ ìnura mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìgbo. Òrí díẹ̀ tó. Bí abẹ bá ta yín níbì kan tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, álọ́ọ̀mù tí wọ́n ti gé tó sì dán yóò dá a dúró. Èyí tó ṣì rí gànràngànràn tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, etí rẹ̀ lè tún ṣe ọgbẹ́ mìíràn.

Bí ẹ bá parí, ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta sínú ìwé: ṣé ó fà? Ṣé ó ta? Lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, kókó mélòó ló yọ, níbo? Fọ́tò ọrùn lórí fóònù yóò ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé gbogbo wa la máa ń gbàgbé bí ọrùn ṣe rí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Bí ẹ ṣe máa ka ìwé náà

Bí abẹ bá fà ní ìgbà àkọ́kọ́ tí kò fà ní ìgbà kejì, kò sí ẹ̀sùn. Bó bá fà ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, irun yín le jù fún un. Ẹ sún sókè sí èyí tó mú jù ú. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè bóyá ẹ rin irun náà dáadáa.

Bí kò bá fà rárá, tó yọ̀ bí òróró, ṣùgbọ́n tí ojú ń ta yín lẹ́yìn tí ẹ fọ ọ́, abẹ náà ti ń fá díẹ̀ lára awọ pẹ̀lú irun. Ẹ sún sísàlẹ̀ sí èyí tó rọ̀.

Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni abẹ tí kò fà, tí kò ta, tí ojú dán lẹ́yìn rẹ̀, tí ìyàwó ilé sì yìn ín, ṣùgbọ́n tí kókó mẹ́fà dúró sábẹ́ àgbọ̀n lọ́jọ́ kẹta. Òun náà mú jù fún yín. Ó ṣòro láti gbà, torí pé lójú dígí, òun ló gba ipò kìíní. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Bí kókó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń yọ pẹ̀lú oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti abẹ. Ẹ padà sídìí àwòrán ọfà, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa fá ibẹ̀ lódì. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo ọrùn ti kún fún kókó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ má dán abẹ kankan wò. Ẹ fi irùngbọ̀n sílẹ̀ kó hù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí awọ yóò fi balẹ̀, tàbí kí ẹ lo kílípà tó ń fi irun díẹ̀ sílẹ̀ lókè awọ. Kókó tó ń ṣe ọyún, tàbí ojú ọgbẹ́ tó bá ń ga sí i bíi kílóìdì, ti dókítà ni. Federal Medical Centre wà ní Ìdí-Àbà. Ìpara tí wọ́n ń pò nínú ike ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tó ń mú ọrùn funfun, ẹ jìnnà sí i.

Ìgbà tí abẹ bá kú

Abẹ kan yóò fá irùngbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta sí lẹ́ẹ̀marùn-ún fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Irun tó le lè pa á lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì. Ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu pé irun lásán lè ba irin jẹ́. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT nílẹ̀ Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ awò wo ojú abẹ bó ṣe ń gé irun. Irin abẹ fi ìlọ́po 50 le ju irun lọ, síbẹ̀ wọ́n rí i pé irun tó bá tẹ̀ nígbà tí abẹ ń gé e lè mú kí ojú abẹ ṣán ní kéékèèké. Nítorí náà, kì í ṣe pé ojú abẹ kàn ń yó lọ. Ó ń ya eyín. Ẹ̀rí ọwọ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé: ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà ni ọjọ́ tí ẹ máa sọ ọ́ nù. Abẹ kì í wọ́n tó ọrùn.

Lẹ́yìn fífá, ẹ tú irin díẹ̀, ẹ ṣan án, ẹ gbọn omi rẹ̀ nù, kí ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe inú balùwẹ̀. Ẹ má fi aṣọ nu ojú abẹ. Ìbòrí rẹ̀ yóò bá aṣọ lọ. Abẹ tó bá sì ti já okùn tàbí gé èékánná, kò gbọ́dọ̀ padà wá sójú.

Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní abẹ, kódà àbúrò tí ẹ jọ jẹun nínú abọ́ kan. Kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ méje ó kéré tán, ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí sì tó láti gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ bábà: abẹ tí wọ́n ń ṣẹ́ sí méjì láti fi tọ́ etí irun, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí bébà rẹ̀ lójú yín, tàbí kí ẹ mú tiyín dání. Bábà gidi kò ní bínú.

Abẹ tó kú kò gbọ́dọ̀ wọnú ọ̀rá ìdọ̀tí ní ìhòòhò, torí àwọn akólẹ̀ ń fi ọwọ́ lásán kó o, àwọn ọmọdé sì ń ṣà á ní ààtàn. Ẹ mú agolo mílíìkì tí ẹ kò tíì ṣí, ẹ fi ọ̀bẹ lu ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí orí rẹ̀, ẹ da mílíìkì náà jáde, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ihò náà ni kí ẹ máa ti abẹ gbà wọlé. Agolo kan yóò gba abẹ ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá kún, ẹ fi òòlù tẹ ihò náà pa, ẹ fi téèpù wé e, kí ẹ tó gbé e fún akólẹ̀.